Yàrá Méjì ní Abobo

Hamed sọ níwájú ẹbí méjì pé akúra ni òun, irọ́ sì ni, ó pa á kí wọ́n má baà fọwọ́ kan Kúlísúmù.

Ọjọ́ òjò ni wọ́n pàdé. Oṣù kẹfà ni, òjò Abidjan ní oṣù kẹfà kì í bi ènìyàn pé ṣé o ti múra. Kúlísúmù jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Adjamé, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó rí ọkùnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń bọ̀ láti Yopougon. Síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé nǹkan kan, ó sì gbá nǹkan náà mọ́ àyà. Òjò ń pa á gidi. Àwọn ènìyàn ń sáré kọjá lára rẹ̀, òun kò sáré. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó le nínú ẹrẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Kúlísúmù rò pé ọmọ tuntun ló gbé. Ó ti dìde láti wá àga fún un. Ọkùnrin náà wọlé, ó tú ṣẹ́ẹ̀tì, orí ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú kan ló wà níbẹ̀, tó ti dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ.

“Ẹ kú ọjà o,” ó ní. “Ti ìyá mi ni. Ó ní bí omi bá kàn án, kí n má padà wálé.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Kò ní kí omi má kàn yín?”

“Èmi kì í dípẹtà.”

Kúlísúmù kò rẹ́rìn-ín. Ó yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dẹ etí sí i. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí. Ó ti ń tú ẹ̀rọ, ó sì ń tò ó padà, láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì ti pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí. Etí rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tó ń dùn ún.

“Ẹ̀rọ yìí kò bàjẹ́,” ó ní. “Òróró ìdáná lẹ dà sí i. Ó ti dì mọ́ inú rẹ̀.”

“Ìyá mi ló dà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ pé bẹ́líìtì ló gé. Bí mo bá délé tí mo ní òun ló bà á jẹ́, ojú á tì í.”

“Ẹ fẹ́ kí n purọ́ fún ẹni tí n kò rí rí?”

“Irọ́ kékeré ni. Èmi ni màá rù ú.”

Ó sì rù ú lọ. Ó mú bẹ́líìtì tuntun dání, èyí tí ẹ̀rọ náà kò nílò, ó fi han ìyá rẹ̀. Inú ìyá rẹ̀ dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá ra abẹ́rẹ́. Ní ẹ̀kẹta, ó wá ra abẹ́rẹ́. Ní ẹ̀kẹrin, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òfo.

“Kí ló bàjẹ́ lónìí?” Kúlísúmù bi í.

“Kò sí. Mo wá kí yín ni.”

“Ẹ ti kí mi. Ẹ jókòó, ẹ má dí ojú ọjà.”

Bí ó ṣe jókòó nìyẹn. Pointeur ni ní èbúté: ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òkun, a sì máa fa ìlà kan sí pátákó bí àpò koko kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ń gbé ní Yopougon pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Aláàjà Azizatou, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Hamed bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọbìnrin ló kọ́kọ́ bí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Hamed a dìde ní kùtùkùtù, a sì se mọ́ínmọ́ín elépo sínú ewé fún ọmọ rẹ̀ kó gbé lọ síbi iṣẹ́. Kò tíì tàsé Ẹtì kan láti ìgbà tí Hamed ti wọ èbúté. Nígbà tó yá, mọ́ínmọ́ín mẹ́ta di márùn-ún, méjì á wá sí Adjamé.

“Ó ní kí n fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe,” Hamed wí. “Ó ní ẹ̀rọ òun ń ké bí ẹyẹ báyìí.”

“Ó ti mọ̀ pé obìnrin ni mí?”

“Ó ti mọ̀. Ìdí tó fi di márùn-ún nìyẹn.”

Ọjọ́ yẹn ni Kúlísúmù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́rin lọ báyìí. Wọ́n ń jẹ àtíékẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ẹja díndín, lẹ́bàá títì. Wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Treichville, wọ́n á padà láìsọ̀ kalẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ nìkan. Hamed fẹ́ràn láti máa pè é ní “adé orí mi.”

“Má pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní orúkọ.”

“Kúlísúmù adé orí mi.”

“O ti bà á jẹ́.”

Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń rọra gbé nǹkan sílẹ̀, àti bó ṣe lè jókòó tì í fún wákàtí kan láìsọ nǹkan. Bí kò bá wá, ọjà náà a gùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀ ojú omi, Hamed fi ẹnu kò ó lẹ́nu, Kúlísúmù sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun ní láti sọ̀rọ̀. Ẹnu náà kò burú. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ kan ògiri tí oòrùn ti yá: ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó dára, ó sì parí síbẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, wọ́n fẹ́ fi í fún Kader, ọmọ oníṣòwò kan ní Treichville. Kader ní òkúta ni Kúlísúmù, ó lọ sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ fún Àǹtí Habiba, àbúrò bàbá Kúlísúmù, ẹni tó tọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Àǹtí Habiba mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Abobo tó ní òun ń lé àǹjọ̀nnú. Ọkùnrin náà ní ọkọ kan wà lára rẹ̀ tí ojú kò rí. Ọjọ́ méje ni ó fi wà níbẹ̀. Wọ́n ń kígbe sí i létí, wọ́n ń na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọkọ náà lè jáde, wọ́n ń fún un ní omi hàǹtú tí wọ́n fi fọ wàláà mu títí ó fi ń bì. Ní ọjọ́ keje, Kúlísúmù ní ọkọ náà ti jáde. Kò sí ohun tó jáde. Ó kàn fẹ́ lọ sílé ni.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú fóònù, ó rí obìnrin kan ní Canada tó ń fi èdè Faransé sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní àwọn ènìyàn kan wà tí ara wọn kì í pè wọ́n sí ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn kan sì wà láàárín: ó ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí pẹ̀lú ohùn tó kéré, tàbí lẹ́yìn tí ọkàn bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní wọn kò ṣàìsàn, kò sì sí ẹni tó ṣe wọ́n. Asexuelle grise ni wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Gris ni àwọ̀ eérú, tí kì í ṣe dúdú, tí kì í ṣe funfun.

Orúkọ náà kò wu Kúlísúmù. Kò fẹ́ kí wọ́n fi eérú pe òun. Ṣùgbọ́n àlàyé náà bá a mu bí bọ́bìnì ṣe ń bá ilé rẹ̀ mu. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó pa fóònù, ó padà sídìí iṣẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún márùn-ún.

Hamed ni ó kọ́kọ́ sọ fún. Ọ̀sán ni, Hamed ti ní òun fẹ́ kí àwọn ẹbí òun wá rí bàbá rẹ̀.

“Jókòó,” Kúlísúmù wí. “Gbọ́ tèmi ná. Ara mi kì í pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn ọdún á yí po, kò ní pè mí rárá. Bí a ṣe dá mi nìyẹn.”

Hamed wò ó. “Ṣé mo ṣe nǹkan ni?”

“Rárá.”

“Ẹlòmíràn wà?”

“Kò sí.”

“Ṣé àìsàn ni?”

“Mo lọ rí dókítà. Ara mi pé. Ẹ̀jẹ̀ mi pé.”

“Ṣé o fẹ́ràn mi?”

“Mo fẹ́ràn rẹ. Bí n kò bá fẹ́ràn rẹ, kí ni mo wá ń ṣàlàyé fún?”

Hamed dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ ronú. Kò fi nǹkan kan dídùn bò ó, Kúlísúmù sì dúpẹ́ fún ìyẹn nínú ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Kúlísúmù ta abẹ́rẹ́, ó tú ẹ̀rọ mọ́kànlá, ó tò wọ́n padà. Kò sunkún. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò jẹ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó rí Hamed lójú títì, tó tún gbá ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ mọ́ àyà.

“Kí ló bàjẹ́?”

“Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ojú ló ń tì mí láti wá lọ́wọ́ òfo.” Ó gbé e kalẹ̀. “N kò ní purọ́ fún ọ. Ara tèmi ń pè mí. Yóò máa dùn mí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ìyẹn kọ́ ni mo ń wá. Mo ń wá ẹni tí yóò bú mi tí mo bá pè é ní adé orí mi. Sọ ohun tí o fẹ́.”

“Yàrá tèmi. Bẹ́ẹ̀dì tèmi. Kọ́kọ́rọ́ tèmi, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí ara mi bá pè mí, màá kan ilẹ̀kùn rẹ. Ìwọ má kan tèmi.”

“Bí kò bá pè ọ́ mọ́ láé ńkọ́?”

“A jẹ́ pé kò pè mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ kí wọ́n tó so yìgì.”

“Tó bá jẹ́ tíì ni mo fẹ́ ká jọ mu, ṣé mo lè kàn án?”

“Tíì, o lè kàn án.”

“Tí mo bá kàn fẹ́ kí o gbá mi mọ́ra?”

“Ìyẹn náà. Mo fẹ́ràn ìyẹn.”

“Y a fohi,” Hamed wí, bí àwọn ọmọ Abidjan ṣe ń sọ ọ́ bí kò bá sí wàhálà. Ó gbé ẹ̀rọ náà padà lọ sí Yopougon.

Ilé oníyàrá méjì tí agbára rẹ̀ ká, Abobo ló ti rí i. Láti ibẹ̀ dé èbúté, ọkọ̀ mẹ́ta ni yóò máa wọ̀. Ó bẹ̀rù àtisọ fún Kúlísúmù pé Abobo ni, nítorí Kúlísúmù ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje yẹn fún un.

“Abobo kò ṣe mí ní nǹkan,” Kúlísúmù wí. “Ènìyàn kan ṣoṣo ló ṣe mí níbẹ̀.”

Ìṣòro wá láti ibi tí wọn kò fojú sí. Ní ẹbí Hamed, bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn obìnrin ilé ọkọ a lọ gbá ilé ìyàwó, wọ́n a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n a fi tùràrí sí i. Hamed gbàgbé. Ọkùnrin kì í ronú nípa irú nǹkan báyìí. Salimatou, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó sì gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo dání. Ó bá bẹ́ẹ̀dì méjì. Ọ̀kan wà ní yàrá yìí, ọ̀kan wà ní ìkejì, ìdè tuntun tí wọ́n fi ń tì í láti inú sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá obìnrin. Kò tẹ́ nǹkan kan. Ó padà sí Yopougon pẹ̀lú aṣọ náà lábẹ́ apá.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Ìyá Hamed wá sí Adjamé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ Àlájì Ṣẹ̀rífù, bàbá Kúlísúmù. Ènìyàn méjìlá ni gbogbo wọn, pẹ̀lú àwọn ẹbí Kúlísúmù àti Àlùfáà Mouritala tí yóò so yìgì. Kúlísúmù jókòó lórí ẹní nítòsí ilẹ̀kùn. Hamed wà ní ìkángun kejì.

“Àlájì, a kò wá jà,” Ìyá Hamed wí. “Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ẹ wo ọwọ́ mi, aṣọ tí mo wọ̀ yìí, ẹ̀rọ tó tún ṣe ni mo fi rán an. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló ń ra ìdè sí ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọlé ọkọ?”

“Ìdè kẹ̀?” Àlájì Ṣẹ̀rífù béèrè.

“Bẹ́ẹ̀dì méjì àti ìdè,” Salimatou dáhùn. “Mo fi ojú mi rí i, bàbá. Mo tilẹ̀ dán ìdè náà wò. Ó le.”

“A gbọ́ ohun kan láti Treichville,” Ìyá Hamed ń bá a lọ, “lẹ́nu àwọn ará ilé Kader. A kò kà á sí. Ní báyìí, a ti ń kà á sí. Wọ́n ní ọkọ kan wà lára rẹ̀. N kò ní kí ìyàwó má wá. Mo ní kí ẹ bá wa mú un lọ fún ọjọ́ méje sí i, kí ó jáde tán, kí a tó so yìgì.”

Àǹtí Habiba mi orí. Ojú ń tì í. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A mọ ilé ọkùnrin náà. Ó ṣì wà ní Abobo. Bóyá ọjọ́ méje kò tó nígbà náà. Lọ́la a lè mú un lọ.”

Kúlísúmù gbọ́ “lọ́la.” Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ni yóò sọ? Pé obìnrin kan ní Canada sọ pé kò sí ẹni tó ṣe òun? Ìdajì àwọn tó wà ní pálọ̀ náà ló ti dì í lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ rí, tàbí tó san ọkọ̀ fún ẹni tó dì í. Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé Hamed ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ òun náà.

“Èmi ni,” Hamed wí.

“Ìwọ kí ni?” ìyá rẹ̀ béèrè.

“Èmi ni mo ra bẹ́ẹ̀dì méjì. Akúra ni mí. Mo sọ fún un, ó ní òun gbà. Ìdè náà, èmi ni mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀, nítorí ìtìjú.”

Salimatou fi aṣọ bo ẹnu. Ìyá Hamed ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fi èdè tí kò gbọ́ bá sọ̀rọ̀.

Àlájì Ṣẹ̀rífù dìde. “Ó tán. N kò fi ọmọ mi fún akúra. Ẹ kó ẹrù yín.”

“Àlájì, ẹ jókòó,” Àlùfáà Mouritala wí. “Ẹ̀tọ́ obìnrin ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́ bàbá. Bí kò bá fẹ́, kò sí ẹni tó lè fi tipá mú un. Bí ó bá mọ̀ tí ó sì gbà, a lè so ó. Kúlísúmù, o mọ̀?”

Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ òtítọ́. Ó mọ̀ pé ìgbà yẹn ni. Ó wo Hamed. Hamed mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé irọ́ náà, òun ni yóò rù ú, bíi ti bẹ́líìtì.

“Mo mọ ẹni tí mo ń fẹ́,” Kúlísúmù wí. “Òun ni mo fẹ́.”

Wọ́n so yìgì náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá Hamed wá. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó di Kúlísúmù lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run á san án fún ọ.” Kúlísúmù kò lè gbé ojú sókè. Ní ìrọ̀lẹ́, ní Abobo, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Hamed.

“Kí ló dé tí o ṣe é?”

“Mo wo ẹsẹ̀ rẹ. Mo pinnu pé wọn kò ní tún nà án.”

“A ó sọ òtítọ́ fún wọn tó bá yá.”

“Tó bá yá. Kan ilẹ̀kùn mi kí o tó sùn, kí o sọ pé ó dàárọ̀.”

Ó kan ilẹ̀kùn, ó sọ pé ó dàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ akúra kò pẹ́ kó tó rìn. Ó dé Adjamé, ó dé Treichville, ó wọ ọkọ̀ lọ sí èbúté. Kò sí ẹni tó fi í ṣẹ̀sín lójú rẹ̀; àánú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, èyí sì burú jù. Àwọn àgbà ọkùnrin ń fà á sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń fún un ní àgbo. Hamed ń dúpẹ́, ó ń gbé e wálé, ó ń tò ó sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

“Lónìí ńkọ́?” Kúlísúmù a béèrè.

“Gbòǹgbò. Wọ́n ní ẹṣin ló ń mu ún.”

“Fi sí ẹ̀gbẹ́ ti ewúrẹ́.”

Inú wọn dùn. Ó yẹ kí a sọ èyí láìfi nǹkan kún un. Wọ́n ń jọ jẹun, wọ́n ń jọ jà lórí ẹni tí yóò pọn omi, Kúlísúmù ń sùn lọ lórí èjìká Hamed níwájú tẹlifíṣọ̀n. Hamed ní àwọn ọjọ́ tó nira fún un. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ a rìn jìnnà kó tó wọlé, kò sì fi í pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Kúlísúmù a tẹ́wọ́ gbà á, a bi í pé ṣé ó ṣì fẹ́. Hamed a ní òun ṣì fẹ́.

Ní ọdún kìíní, ẹ̀ẹ̀kan ni Kúlísúmù kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí pé ara pè é. Ní ọdún kejì, kò kàn án fún ìyẹn rárá. Ní ọdún kẹta, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan nínú oṣù kẹjọ, Hamed ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbọ́ kò-kò-kò.

“Ṣé tíì ni?” ó pariwo láti inú.

“Kì í ṣe tíì.”

Hamed pa áyọ́ọ̀nù.

Oyún náà yà wọ́n lẹ́nu. Kò ya ọjà lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ọjà kàn ṣírò ó: ọkọ akúra, ìyàwó olóyún. Gbogbo wọn ló gbọ́ lẹ́nu Hamed fúnra rẹ̀ pé kò lè ṣe é. Àwọn obìnrin tó máa ń kí Kúlísúmù fún sùúrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀, wọ́n á wo àwọn ọkùnrin tó ń wá ra abẹ́rẹ́. Hamed sọ fún ìyá rẹ̀ pé àgbo ló ṣiṣẹ́. Mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Ẹtì, tí ìyá rẹ̀ ti ń fi ránṣẹ́ sí èbúté láti ìgbà ìgbéyàwó, dúró.

Wọ́n bí obìnrin. Ní ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ènìyàn pé sí Abobo. Ní ẹbí wọn, ìyá bàbá ló ń gbé ọmọ jáde fún àlùfáà. Wọ́n dúró de Ìyá Hamed títí oòrùn fi le. Àlùfáà Mouritala wo aago. Hamed ló gbé ọmọ náà jáde fúnra rẹ̀. Siddiqah ni wọ́n sọ ọ́.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Kúlísúmù pọn ọmọ, ó wọ gbaka lọ sí Yopougon láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Ìyá Hamed jókòó sídìí ẹ̀rọ. Kò dìde.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Hamed kì í ṣe akúra. Kò ṣe akúra rí. Èmi ni. Ara tèmi ni kì í pè mí, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó purọ́ kí ẹ má baà mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Ọmọ yín ló ni ọmọ yìí. Ẹ wo etí rẹ̀.”

Ìyá Hamed yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ, ó rán ìlà kan tán, ó fi eyín gé òwú rẹ̀.

“Nígbà wo lẹ purọ́?” ó béèrè. “Nígbà yẹn ni, àbí nísinsìnyí?”

“Nígbà yẹn ni.”

“Ọmọ mi dúró níwájú ènìyàn méjìlá, ó tú ara rẹ̀ sí ìhòòhò. Mo sunkún oṣù mẹ́ta. Mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo ń kúnlẹ̀ fún ọ nínú ọkàn mi, ìwọ, pé o gba ọmọ mi bẹ́ẹ̀. O wá fẹ́ kí n gbà pé ó ń wò mí níran, pé irọ́ ni?” Ó mi orí. “Ó rọrùn fún mi láti gbà pé ìwọ ló ń purọ́. Ìyẹn, mo lè gbé e.”

“Ìyá, ẹ wo etí rẹ̀.”

“Máa lọ, ọmọ mi. Òjò fẹ́ rọ̀.”

Kúlísúmù sọ ohun tó ṣe fún Hamed. Hamed náà lọ. Ìyá rẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ tán, ó ní òun ti gbọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Siddiqah ti pé ọmọ ọdún méjì. Nínú oṣù kẹfà tó kọjá, Hamed wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Adjamé, ọmọ wà lápá rẹ̀, ó sì rí ìyá rẹ̀ tó ń kọjá lójú títì. Ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ háyà ń ti ọmọlanke níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú náà wà lórí rẹ̀ láìbò. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní òdìkejì ọjà.

Hamed gbé ọmọ fún Kúlísúmù. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sáré wọ inú òjò, ó fi wé orí ẹ̀rọ náà, ó so ó dáadáa. Ìyá rẹ̀ dúró kó so ó tán. Kò wo ojú rẹ̀. Ó ní kí ọlọ́mọlanke máa lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọlọ́mọlanke náà dá ṣẹ́ẹ̀tì padà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a. Kúlísúmù bi í bóyá wọ́n fi iṣẹ́ rán an. Ó ní wọn kò fi nǹkan kan rán òun.

Ọjọ́ Ẹtì ló tẹ̀lé e. Hamed wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ síbi iṣẹ́, ó sì ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á lẹ́nu géètì èbúté, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí oyún Siddiqah ti yọ.